Orí Kẹrin: Ọlọ́run tí Ó Di Ènìyàn, tàbí Ènìyàn tí A Sọ Di Òrìṣà?

Agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé ńlá kan ní Móníyà, tàbí ní àwọn ìletò tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Akínyẹlé, Ìròkò àti Ìjàyè, tí ó jẹ́ pé ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo ni ó ń gbé inú rẹ̀. Baba lè jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ fo òun, kí ìyá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ìjọ, kí àgbà kan tí ó ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn sì máa tọ́jú ojúbọ tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀. Bí ọdún bá sì dé, gbogbo wọn a jọ jẹ ẹran iléyá, wọn a sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú orí yìí ti kúrò ní ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé inú iyàrá ìkàwé nìkan. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, tí àwọn ènìyàn wa ń bi ara wọn níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti ní ẹ̀bá ibojì.

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ọ̀nà méjì tí ó kọjú sí ara wọn ni ìbéèrè náà ń gbà wá. Àna tí ó jẹ́ Mùsùlùmí yóò wí pé: “Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ ní Ọlọ́run bí ọmọ. Ta wá ni ìyàwó rẹ̀? Ẹrú Ọlọ́run ni Ànọ́bì Ísá, òjíṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Kí ló dé tí ẹ fi gbé e bá Ọlọ́run dọ́gba?” Ìyá àgbà tí ó ń tọ́jú ojúbọ kò ní bínú rárá ní tirẹ̀, òun yóò wí pé: “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Kálukú ní ohun tí ó ń sìn. Òyìnbó ní Jésù, àwa ní Ṣàngó.” Ẹni ìṣáájú ń sọ pé a ti fi ẹlòmíràn kún Ọlọ́run, ẹnì kejì ń sọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú fífi kún un. Kristẹni tí yóò jẹ́rìí ìgbàgbọ́ rẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdáhùn kan náà ni ó ní láti tó àwọn méjèèjì, nítorí bí ó bá fi ohun tí yóò dùn mọ́ ìyá àgbà nínú dá a lóhùn, ó ti jẹ̀bi ẹ̀sùn tí àna rẹ̀ fi kàn án.

Ìjàyè, Ìlọrin, àti àwọn tí ó kọ́kọ́ dáhùn

Ìjíròrò yìí ti pẹ́ ní àgbègbè wa. Ní àwọn ọdún 1850, nígbà tí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ń ṣe olórí Ìjàyè, àwọn oníwàásù láti inú ìjọ méjì ni ó wà ní ìlú náà: Thomas Jefferson Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán wá, àti Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tí ó wà lábẹ́ C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, David Hinderer, oníwàásù C.M.S. mìíràn, ti bẹ ìlú náà wò ní 1851, ó sì padà wá ní 1853 pẹ̀lú Anna aya rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ogun Ìbàdàn pẹ̀lú Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862, tí àwọn ọmọ ìlú sì túká. Ṣùgbọ́n ohun tí Bowen ti rí níbẹ̀ kò bá ìlú náà parun, nítorí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1857, ó jẹ́rìí pé àwọn Yorùbá mọ̀ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó dá ohun gbogbo. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó bá wàásù Jésù ní ilẹ̀ Yorùbá kò wá bá àwọn tí kò mọ Ọlọ́run. Àwọn tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run ní Ọba àwámárìídìí, Ọba atẹ́rẹrẹ kárí ayé, Adákẹ́dájọ́, kí wọn tó gbúròó Òyìnbó kankan, ni ó wá bá.

Ẹni tí ó dára jù lọ láti kọ́ ọgbọ́n ìdáhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Láti oṣù Novẹ́ḿbà 1871 títí di oṣù Fẹ́búárì 1872, ó rin ìrìn orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja gba Bídá àti Ìlọrin wá sí Èkó, ó sì ní àǹfààní láti bá àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n mọ̀wé, tí wọ́n sì wà nípò àṣẹ, jíròrò nípa ẹni tí Jésù jẹ́. Crowther kò bú wọn, kò sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ gígùn. Àwọn ará wa sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó máa ń ṣí, ibi tí ó sì fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbà, pàápàá iṣẹ́ tí Gébúrẹ́lì jẹ́ fún Màríà ní orí kìíní ìwé Lúùkù, nítorí pé Mùsùlùmí náà bọlá fún Jibrílù, ó sì bọlá fún Mariyámọ̀. Màríà fúnra rẹ̀ béèrè bí obìnrin tí kò mọ ọkùnrin yóò ti ṣe lóyún, ìdáhùn tí áńgẹ́lì fún un sì pa ìbéèrè nípa ìyàwó Ọlọ́run lẹ́nu mọ́ pátápátá: kò sí Kristẹni kan, láti ọjọ́ tí ìjọ ti wà, tí ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run bí Jésù gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ti ń bímọ. Ní 1906, àlùfáà Kristẹni kan, M. S. Cole, tún túmọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá, kí àwọn onígbàgbọ́ lè ka ohun tí ẹnì kejì ń sọ láti ẹnu ẹnì kejì fúnra rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀nà Crowther dé àti ibi tí kò dé. Bíbí tí wúndíá bí Jésù mú ẹ̀gàn kúrò. Kò fi hàn fúnra rẹ̀ pé Jésù jẹ́ Ọlọ́run. Mùsùlùmí gbà pé wúndíá ni ó bí i, ó sì rántí pé Ádámù kò ní baba, kò sì ní ìyá, síbẹ̀ ẹ̀dá ni. Àwọn oníwàásù kan ṣì wà lónìí tí wọ́n ń lo ìbí Jésù bí ẹni pé òun nìkan tó láti parí ẹjọ́ náà. Kò tó.

Ọba kì í pé méjì láàfin

Ẹ jẹ́ kí a kọjú sí ìyá àgbà wàyí, nítorí lójú tèmi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó jinlẹ̀ jù. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ṣàngó ti jọba rí ní Ọ̀yọ́, pé ó jẹ́ alágbára tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, àti pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kéde pé ọba kò so, tí wọ́n sì ń bọ ọ́. Àwọn ará Róòmù náà ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tí Késárì Ọ̀gọ́sítọ́sì kú ní ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù jókòó, wọ́n sì pinnu pé ó ti di ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà. Ọ̀nà ìsọdòrìṣà ni èyí, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà gòkè. Ẹni ńlá kan gbé ayé, ó ṣe ohun ìyanu, ó kú, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọlẹ̀. Ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, ṣé ohun tí àwọn apẹja Gálílì ṣe sí Jésù kọ́ nìyẹn?

Kí ìsọdòrìṣà tó lè ṣẹlẹ̀, àṣà tí yóò gbà á láàyè ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Àṣà náà wà ní Ọ̀yọ́, ó sì wà ní Róòmù. Ní Jerúsálẹ́mù, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Júù olùfọkànsìn ń ké e jáde pé ọ̀kan ṣoṣo ni Olúwa, gẹ́gẹ́ bí a ti pàṣẹ rẹ̀ ní orí kẹfà ìwé Deutarónómì. Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ni ó lè pé mẹ́fà láàfin: áńgẹ́lì lè pọ̀, wòlíì lè pọ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ́ náà kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ní nǹkan bí ọdún 40, tí ó jẹ́ bí ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí a kan Jésù mọ́ àgbélébùú, Késárì Gáíyù, ẹni tí a tún ń pè ní Caligula, pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ère òun sínú Tẹ́ḿpìlì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù jáde lọ bá gómìnà tí ó ń mú ère náà bọ̀, wọ́n fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ ní àsìkò ìfúnrúgbìn, wọ́n na ọrùn wọn, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ pa àwọn. Ikú Késárì ní ọdún 41 ni ó fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà.

Láàrin irú àwọn ènìyàn yìí, ní ìlú yìí kan náà, ní ọdún mẹ́wàá yìí kan náà, ni àwọn Júù kan ti ń gbàdúrà sí Jésù ará Násárétì. Ibi tí agbára ẹ̀rí àwọn Kristẹni wà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró lé e pẹ́. Pétérù àti Jákọ́bù kì í ṣe ará Róòmù tí ó ní yàrá fún òrìṣà mìíràn nínú ilé. Ohun tí a fi ọmú ìyá tọ́ wọn ni pé ẹni tí ó bá sin ẹ̀dá, ikú ni èrè rẹ̀. Kí ó tó di pé irú wọn yóò fi orí balẹ̀ fún ènìyàn kan tí wọ́n ti bá jẹun, tí wọ́n ti rí tí òùngbẹ ń gbẹ, tí wọ́n ti gbọ́ ìró òòlù tí a fi kàn án mọ́ igi, ohun kan ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tí ó fi agbára mú wọn gbà pé àwọn kò fi ẹnikẹ́ni kún Ọlọ́run, pé Ọlọ́run kan náà tí àwọn ti ń sìn ni ó sọ̀kalẹ̀ tọ àwọn wá. Ṣàngó gòkè, bí àwọn tí ó ń bọ ọ́ ti sọ. Ohun tí àwọn àpọ́sítélì sọ nípa Jésù ni pé ó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí ó kọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á

Láti fi hàn pé àwọn àpọ́sítélì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, ẹ ka orí kẹrìnlá ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Pọ́ọ̀lù wo arọ kan sàn ní Lísírà, àwọn ará ìlú sì pariwo pé àwọn òrìṣà ti gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀: wọ́n pe Bánábà ní Súúsì, wọ́n sì pe Pọ́ọ̀lù ní Hámésì nítorí òun ni ó ń sọ̀rọ̀ jù. Babaláwo kọ́ ni wọ́n rán lọ pè o. Àlùfáà Súúsì fúnra rẹ̀ ni ó fa màlúù wá pẹ̀lú òdòdó, tí ọ̀bẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ẹran. Ọ̀nà tí Ṣàngó gbà di òrìṣà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwọn ọkùnrin méjì yìí ní ọjọ́ náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fa aṣọ wọn ya, wọ́n sáré wọ àárín èrò, wọ́n ń ké pé ènìyàn bíi tiyín ni àwa náà. Ní orí kẹwàá ìwé kan náà, nígbà tí Kọ̀nílíù, ọ̀gá ọmọ ogun, wólẹ̀ níwájú Pétérù, Pétérù gbé e dìde, ó sì sọ fún un pé ènìyàn ni òun. Nínú ìwé Ìfihàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì sì kọ̀ fún un, tí ó sọ fún un pé Ọlọ́run ni kí ó sìn.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ó wà ní orí ogún ìwé Jòhánù. Tọ́másì, ẹni tí ó ti búra pé àfi bí òun bá fi ìka kan ojú ìṣó, dúró níwájú Jésù tí ó jí dìde, ó sì pè é ní Olúwa òun àti Ọlọ́run òun. Jésù kò fa aṣọ ya. Kò gbé e dìde kí ó wí pé ẹ̀dá bíi tìrẹ ni èmi. Ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì súre fún àwọn tí yóò gbà á láìrí. Bí Jésù bá jẹ́ wòlíì nìkan, a jẹ́ pé ìránṣẹ́ rẹ̀ Pétérù mọ ojúṣe wòlíì jù ú lọ. Kò sì sí ẹni tí ó bọlá fún Jésù, ìbáà jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, tí yóò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ọmọ Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀ láràárọ̀ kò sì sọ baba di Ọlọ́run. Àwọn Júù náà a máa tẹríba fún ọba àti fún àgbà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ibi tí ìwé Ìhìn Rere ti sọ pé ẹnì kan wólẹ̀ fún Jésù ni a lè mú lò. Adẹ́tẹ̀ tí ó kúnlẹ̀ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ lè máa bọ̀wọ̀ fún oníwòsàn nìkan. Ẹ mú àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá ìṣe lọ, bí ti Tọ́másì. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀, kí ẹ̀rí tí kò lágbára má baà ba èyí tí ó lágbára jẹ́.

Ohun tí Jésù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ

Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jésù kò sọ níbì kankan, ní gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kí wọ́n máa sin òun nítorí òun ni Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé kò sọ ọ́ báyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣe ènìyàn a máa sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ní Kápénáúmù, gẹ́gẹ́ bí orí kejì ìwé Máàkù ti sọ, àwọn ọkùnrin mẹ́rin dá òrùlé lu láti sọ ẹlẹ́gbà kan kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Kí ó tó wo ara rẹ̀ sàn, ó sọ fún un pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Àwọn akọ̀wé tí ó jókòó níbẹ̀ yára mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ta ni ó lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan?

Ìlàrí Aláàfin lè jẹ́ iṣẹ́ ọba fún ìlú ńlá, ó lè gba ìṣákọ́lẹ̀ wá sí ààfin, àwọn baálẹ̀ sì lè dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìlàrí bá dúró láàrin ọjà, tí ó sọ fún ẹni tí ó jẹ ọba ní gbèsè pé òun ti fi jì í, tí kò sọ pé ọba ni ó wí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bóyá orí rẹ̀ dàrú tàbí bóyá ọba fúnra rẹ̀ ni ó wọ aṣọ ìlàrí jáde. Gbogbo wòlíì ni ó máa ń sọ pé báyìí ni Olúwa wí. Jésù máa ń sọ pé èmi wí fún yín. Mùsùlùmí olóye yóò dáhùn pé Ọlọ́run lè fi àṣẹ ìdáríjì lé ẹrú rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé Mátíù sì sọ pé àwọn èrò fi ògo fún Ọlọ́run tí ó fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. Ìdáhùn tí ó ní láárí ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn Kápénáúmù nìkan ni a ní, kì bá ṣòro láti dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a tún ní ti ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Nígbà tí olórí àlùfáà bi í bóyá òun ni Kristi náà, Jésù dáhùn pé òun ni, ó sì fi kún un pé wọn yóò rí Ọmọ ènìyàn tí ó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún agbára, tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọsánmà. Ẹni tí ó bá ti ka orí keje ìwé Dáníẹ́lì mọ ohun tí ó ń tọ́ka sí: ẹni kan tí ó dà bí ọmọ ènìyàn, tí a mú wá síwájú Arúgbó ọjọ́, tí a sì fún ní ìjọba tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa sìn láéláé. Olórí àlùfáà fa aṣọ ya, ó pè é ní ọ̀rọ̀ òdì. Àwọn tí ó dá a lẹ́bi gbọ́ ọ yé. Wọn kò pa á nítorí pé ó ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa.

Bí ọjọ́ ti pẹ́ tó

Ìtàn ìsọdòrìṣà a máa gba àkókò. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lójú a kú tán, ọmọ a sọ fún ọmọ, ìtàn a sì máa wú. Nítorí náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi ọkàn sí bí ìsìn Jésù ti tètè bẹ̀rẹ̀ tó, Larry Hurtado sì kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní 2003. Ìwé kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 55, kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú Jésù. Nínú orí kẹjọ rẹ̀, Pọ́ọ̀lù mú ìjẹ́wọ́ tí Júù ń ké lójoojúmọ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni Olúwa, ó sì pa Baba àti Jésù Kristi mọ́ inú ìjẹ́wọ́ kan náà, tí ó sọ pé nípasẹ̀ Jésù ni ohun gbogbo fi wà. Kò ṣàlàyé, kò bẹ̀bẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjiyàn tí ó wà nínú orí náà jẹ́ lórí ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ní ìparí ìwé kan náà, ó fi àdúrà kúkúrú kan sí i tí ó ń pe Olúwa kí ó máa bọ̀, ní èdè Árámáíkì tí àwọn ará Kọ́ríńtì kì í sọ. Láti ibo ni ó ti wá? Láti ẹnu àwọn Júù Jùdíà ni, àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ pàá, àwọn tí ó bá Jésù sọ èdè kan náà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ará ilé, Pliny, gómìnà Róòmù ní ilẹ̀ tí ó wà ní Tọ́kì òde òní, kọ̀wé sí Késárì Trajan ní nǹkan bí ọdún 112. Ó ti mú àwọn Kristẹni, ó ti fìyà jẹ àwọn ẹrúbìnrin méjì láti mọ òtítọ́, ohun tí ó sì rí ni pé wọ́n máa ń péjọ ṣáájú ìlà oòrùn láti kọrin sí Kristi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọrin sí òrìṣà. Igba ọdún ó lé díẹ̀ ṣì wà kí ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Níséà. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ pé Késárì Kọnstantínì ni ó sọ Jésù di Ọlọ́run ní Níséà ní 325 ń sọ ohun tí ìtàn kò gbè.

Àjíǹde ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi odindi orí tí ó tẹ̀lé èyí gbà á, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ níhìn-ín. Kí ẹ mọ èyí nìkan: àjíǹde fúnra rẹ̀ kò sọ ènìyàn di Ọlọ́run, nítorí Lásárù náà jí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi òǹtẹ̀ Ọlọ́run lu ohun tí Jésù ti sọ nípa ara rẹ̀, ohun tí ilé ẹjọ́ ti pè ní ọ̀rọ̀ òdì.

Ẹ̀rí kan tí ó lókìkí ju agbára rẹ̀ lọ

Ẹ̀rí kan wà tí ẹ ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù, èyí tí C. S. Lewis sọ lórí rédíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, tí ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952. Ó ní ẹni tí ó bá sọ irú ohun tí Jésù sọ kò lè jẹ́ olùkọ́ rere lásán: yálà kí ó jẹ́ òpùrọ́, tàbí kí orí rẹ̀ dàrú, tàbí kí ó jẹ́ ẹni tí ó pe ara rẹ̀. Ìwà Jésù kò jọ ti òpùrọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti wèrè. Ó wá ku ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ràn Lewis, ọ̀rọ̀ náà sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a gbé gbogbo ẹrù lé e lórí. Mùsùlùmí tí ẹ bá bi ní ìbéèrè yìí kò ní yan ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yóò sọ pé Ísá kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, pé àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó fi í sí i lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Lewis gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn, bí a ti gbìyànjú láti ṣe lókè yìí, pé Jésù sọ ọ́ ní tòótọ́ àti pé àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà á. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ọmọ Áfíríkà kan ní Alẹkisáńdíríà

Àtakò tí ó le jù kò ti ìta wá. Inú Bíbélì ni ó wà. Jésù sọ nínú orí kẹtàlá ìwé Máàkù pé òun kò mọ ọjọ́ ìkẹyìn, Baba nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ nínú orí kẹrìnlá ìwé Jòhánù pé Baba tóbi ju òun lọ. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tí ń kan ilẹ̀kùn ní Móníyà ní àárọ̀ Sátidé mọ ẹsẹ wọ̀nyí lórí, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin pé ẹ̀dá ni Ọmọ, pé ó ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó pàdé ní Níséà ní 325 kọ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ohun tí Baba jẹ́ ni Ọmọ jẹ́.

Ẹni tí ó gbèjà ìjẹ́wọ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ ni Athanasius, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní 328, tí wọ́n sì lé kúrò ní ìlú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nítorí pé kò yí ohùn padà. Ẹ̀rí tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹsẹ kan tàbí méjì. Láti inú ìgbàlà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kò lè so ẹ̀dá pọ̀ mọ́ Ẹlẹ́dàá, bí ó ti wù kí ó ga tó, nítorí òun náà nílò ẹni tí yóò so òun pọ̀. Bí Jésù bá jẹ́ ẹ̀dá, a jẹ́ pé Ọlọ́run ṣì jìnnà sí wa bí ó ti jìnnà tẹ́lẹ̀, òjíṣẹ́ míràn ni ó tún rán wá. Ní ti ẹsẹ tí Arius dì mú, Athanasius dáhùn pé Ìwé Mímọ́ ń sọ nípa Jésù ní ọ̀nà méjì, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run tí ó wà láti ayérayé, àti gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ó gbé ara wa wọ̀. Nígbà tí ebi pa á, ara ni ebi pa. Nígbà tí kò mọ ọjọ́ náà, bí ènìyàn ni kò fi mọ̀ ọ́n, nítorí ènìyàn tòótọ́ ni ó gbà láti dà.

Ìdáhùn yìí kò mú gbogbo ìṣòro kúrò, àwọn onígbàgbọ́ olóòótọ́ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè mọ ohun gbogbo kí ó má sì mọ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà ju òye lọ, ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Kálísédónì ní 451 pàápàá fi ọgbà yí i ká ni, wọn kò tú u. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé ìṣòro tí Athanasius ru yìí ni ẹni tí ó bá sọ Jésù di òrìṣà kì í ní. Òrìṣà kì í ṣe aláìmọ̀ ọjọ́. Àwọn tí ń sọ ènìyàn wọn di òrìṣà kì í kọ ọ́ sínú ìwé pé kò mọ nǹkan kan, pé ó sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ó kígbe lórí igi pé a kọ òun sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìwé Ìhìn Rere kọ wọ́n. Máàkù kan náà tí ó kọ ọ́ pé ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì ni ó kọ ọ́ pé kò mọ ọjọ́ náà, kò sì yọ ọ̀kankan kúrò nítorí èkejì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 14:8–18 àti Jòhánù 20:24–29, kí ẹ sì kọ ojú ewé kan lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣe Pọ́ọ̀lù àti ìṣe Jésù.

Báwo ni ẹ ṣe lè dá ẹni tí ó ní Òyìnbó ní Jésù, àwa ní Ṣàngó, lóhùn, láìgàn án, láìsì gba ohun tí ó sọ?

Kí nìdí tí bíbí tí wúndíá bí Jésù kò fi tó ẹ̀rí fún Mùsùlùmí? Ẹ bi Mùsùlùmí àgbà kan nínú agbo ilé yín tàbí ní àdúgbò yín ní ohun tí ó gbàgbọ́ nípa Ànọ́bì Ísá, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ sì kà á padà sí i létí kí ẹ tó mú un wá sí kíláàsì, kí ó lè sọ bóyá ẹ gbọ́ òun yé.